Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Òṣìṣẹ́, Owó Iṣẹ́ àti Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ sì ti wá. A yan mẹ́fà. Orí ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ti ṣe, tí àwọn mìíràn sì ti tún yẹ̀ wò, ni a gbé ìdáhùn wa kà. Níbi tí òfin bá ti kan ọ̀rọ̀, a mẹ́nu bà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Békìrì ni mo ní. Láàárín ọdún kan mo gba ènìyàn mẹ́sàn-án. Mẹ́fà ti lọ, méjì nínú mẹ́ta tó kù kò mọṣẹ́. Mo máa ń jókòó bá ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, mo sì máa ń béèrè iye ọdún tó ti fi ṣe iṣẹ́ bùrẹ́dì. Ọdún mélòó ló yẹ kí n máa wò?
*Ìyá oníbùrẹ́dì, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsùn, Ìyá wa. Iye ọdún tẹ́ ẹ ń wò yẹn gan-an ni kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan fún yín. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n rí i pé ti àkọ́kọ́ ti bu iyì kún ọ̀pọ̀ ọ̀nà ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 0 dé 1 ni wọ́n ń ka agbára ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 0, ohun tẹ́ ẹ wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba ẹni náà kò sọ ohunkóhun nípa bó ṣe máa ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ 1, ó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Nínú ìṣirò 2022 yẹn, iye ọdún tí ènìyàn ti lò nídìí iṣẹ́ kò tó 0.10. Ìjókòó-sọ̀rọ̀ tí kò ní ètò, irú èyí tẹ́ ẹ ń ṣe, gba 0.19. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò, tí gbogbo ẹni tó wá ń dáhùn ìbéèrè kan náà, gba 0.42, òun ló sì wà lókè pátápátá. Ìdánwò ìmọ̀ iṣẹ́ gba 0.40. Ìdánwò tí ènìyàn ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà gba 0.33. Ìrírí ń ranni lọ́wọ́ láwọn ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni ọdún márùn-ún àti ẹni ọdún méjìlá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Kò sí ọ̀nà kankan tó súnmọ́ 1, ẹ ṣì máa ṣàṣìṣe nínú yíyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò ní jẹ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ kọ iṣẹ́ márùn-ún tí ẹni náà máa ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀: wíwọn ìyẹ̀fun, pípò ó, gígé dóò, títò ó sínú agolo, ṣíṣọ́ ààrò. Nínú wọn ni kẹ́ ẹ ti yọ ìbéèrè mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ní békìrì yín. Bí àpẹẹrẹ: “Dóò ti wú, ó ku wákàtí kan kí ọkọ̀ wá kó bùrẹ́dì, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?” Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ ti kọ irú ìdáhùn tó yẹ fún máàkì 1, 3 àti 5. Ẹni tó ní òun á pe ọ̀gá, òun á sì dúró, 1 ni tirẹ̀. Ẹni tó ní òun á gbé dóò lọ síbi tó tutù kó má bàa wú kọjá ààlà, 3. Ẹni tó tún fi kún un pé òun á fi tó àwọn oníbàárà létí pé ọjà máa pẹ́, òun á sì yọ ti ẹni tó nílò rẹ̀ jù sọ́tọ̀ kó lè kọ́kọ́ wọ ààrò, 5 ni.

Ẹni méjì ni kó jókòó gbọ́ ìdáhùn, kí kálukú kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ ohunkóhun. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́: wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ le jù á sì fa èkejì lọ. Àṣìṣe kejì ni pé ẹni tí ọkàn yín bá fẹ́ràn, ẹ máa ń bi í ní ìbéèrè tó rọrùn. Ìbéèrè kan náà, ìtòtẹ̀léra kan náà, títí kan ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n rán wá. Ìlú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí rẹ̀, bóyá ó ti lọ́kọ, kò sí èyí tó kan bùrẹ́dì nínú wọn.

Àwọn mẹ́ta tó bá gba máàkì jù, ẹ fún wọn ní ìdajì ọjọ́ láti ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sanwó rẹ̀ fún wọn. Bùrẹ́dì tó máa wọn gíráàmù 500 lẹ́yìn yíyan máa ń fẹ́ dóò bíi 560 sí 570, torí omi tó ń gbẹ nínú ààrò. Ẹ ní kí olúkúlùkù gé 20, kẹ́ ẹ tún gbogbo wọn wọ̀n, kẹ́ ẹ ka iye èyí tó fi ju gíráàmù mẹ́wàá lọ yà. Ẹ ò ní nílò láti bi ẹnikẹ́ni léèrè ọdún mélòó mọ́.

Ní ti mẹ́fà tó lọ, ẹ rántí bóyá ẹnikẹ́ni sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òru ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, pé ooru ààrò kì í ṣe kékeré, pé ọjọ́ ọdún kò sí ìsinmi. Ìwádìí ti fi hàn pé sísọ ohun tó le nínú iṣẹ́ kí ènìyàn tó gbà á máa ń dín ìfiṣẹ́sílẹ̀ kù. Kì í dín in kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Aṣọ ilé ìwé là ń rán, a sì tún ń gba iṣẹ́ léèsì àti aṣọ òde. Aránṣọ 14 ló wà lábẹ́ mi, owó oṣù ni mò ń san. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ kiri. Ṣé kí n yí i sí owó lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan?
*Alágbàṣe aṣọ, Múṣin*

Ìdáhùn: Fún aṣọ ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Fún léèsì, ẹ má dán an wò.

Edward Lazear gbé ìwádìí kan jáde ní 2000 lórí iléeṣẹ́ Safelite ní Amẹ́ríkà, tó ń pààrọ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí owó wákàtí bọ́ sórí owó gíláàsì kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí ènìyàn kan ń ṣe lọ sókè ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìdajì rẹ̀ wá láti ara àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ tó tẹra mọ́ṣẹ́, ìdajì yòókù wá nítorí pé àwọn tó yára ń dúró, irú wọn sì ń wọlé. Ohun mẹ́ta ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Gíláàsì ṣeé kà. Owó ìpìlẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà tó kéré sí i. Ẹni tó bá sì ṣe é tí kò dára ló máa tún un ṣe láìgba owó mìíràn. Bẹ́ ẹ bá yọ ẹ̀kẹta yìí kúrò, bọ́tìnì máa bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́rùn ọmọ ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ka iye ṣẹ́ẹ̀tì tí aránṣọ márùn-ún rán lójúmọ́, kẹ́ ẹ mú ti ẹni tó wà láàárín, ẹ má mú ti ẹni tó yára jù. Ká ní mẹ́jọ ni, tí owó oṣù jẹ́ ₦104,000 fún ọjọ́ 26. Ìyẹn ₦4,000 lójúmọ́, ₦500 lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ fi ₦75,000 ṣe owó ìpìlẹ̀, tó dúró fún ṣẹ́ẹ̀tì 150. Èyí tó bá lé, ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá lọ́wọ́ ayẹ̀wò. Ẹni tó bá rán 208 ṣì máa gba ₦104,000 rẹ̀. Ẹni tó bá rán 240 máa gba ₦120,000.

Bí ẹnì kan bá wá ń gba ₦150,000, ẹ má dín ₦500 náà kù o! Àwọn yòókù ń wò yín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dín in, gbogbo wọn á mọ̀ pé ẹni tó bá yára ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gé owó, wọ́n á sì jọ fà sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ra ẹ̀rọ tó yára jù, ìgbà yẹn lẹ lè tún un wọ̀n, kẹ́ ẹ sì ti sọ ọ́ fún wọn ṣáájú.

Ìdí tí a fi yọ léèsì sọ́tọ̀ ni pé ohun tẹ́ ẹ bá ń kà nìkan ni wọ́n máa ṣe. Bengt Holmström àti Paul Milgrom ti ṣàlàyé èyí ní 1991: bí iṣẹ́ bá ní apá méjì, tí ẹ ń sanwó fún èyí tó ṣeé kà, èkejì á di aláìlólùtọ́jú. Iṣẹ́ léèsì, kíkọ́ ọmọ iṣẹ́, gbígé aṣọ láìfi ṣòfò, títọ́jú ẹ̀rọ, owó oṣù ló yẹ wọ́n. Ẹ tún fi sọ́kàn pé bí òṣìṣẹ́ yín bá dé 25, òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 láti 2024, ti kàn yín. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin 2014 ti mú iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: ẹ̀yin máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ ìdá 8. Mẹ́rìnlá lẹ ní báyìí. Ẹnì kan péré ló kù.

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ni mo ní. Pípẹ́ dé ti sú mi. Mo ń yọ ₦500 lára owó ẹni tó bá pẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń pẹ́ sí i. Ṣé kí n sọ ọ́ di ₦1,000?
*Oníléeṣẹ́ omi, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Rárá, ọ̀gá wa. Ẹ dá ₦500 náà dúró pàápàá. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n jọ ṣe àdéhùn fún un. Nítorí náà, ìwé tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí kò gbà yín sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó sọ ọ́ nù nípa àìbìkítà, òfin gbà kẹ́ ẹ yọ iye tó tọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Gbogbo àyọkúrò oṣù kan kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. Àwọn tó ń ru omi àtàwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá wà lára ẹni tí òfin yìí ń dáàbò bò.

Ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́ sí i kò ṣòro lóye. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini wo ilé ìtọ́jú ọmọdé mẹ́wàá ní ìlú Haifa, ní Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn òbí ti ń pẹ́ wá mú ọmọ. Wọ́n fi owó ìtanràn lé e ní mẹ́fà nínú wọn. Àwọn tó ń pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nígbà tí wọ́n sì fagi lé owó náà, iye wọn kò padà sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú máa ń ti ẹni tó bá pẹ́. Owó ìtanràn sọ pípẹ́ di ọjà, ẹni tó bá ti sanwó ọjà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Òṣìṣẹ́ yín ń ra wákàtí kan oorun ní ₦500.

Ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló pẹ́, ìṣẹ́jú mélòó, ọjọ́ wo, ibo ló ti ń bọ̀, kí ló fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti ń bọ̀, ẹ sún wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ wọn síwájú ní ìdajì wákàtí, kí wọ́n sì fi ìdajì wákàtí san án lálẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ pè é níkọ̀kọ̀, ẹ fi àkọsílẹ̀ hàn án. Ìgbà kejì, lẹ́tà ìkìlọ̀. Bó bá di pé ẹ ní láti dá a dúró, ọ̀sẹ̀ kan ni òfin ní kẹ́ ẹ fún ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún.

Ẹ má sì sáré lọ dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún àwọn tó ń tètè dé. Wọ́n dán an wò ní ilé ìfọṣọ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti pàdánù àǹfààní ẹ̀bùn oṣù náà á padà sí pípẹ́, ọkàn àwọn tó ti ń tètè dé láìgba nǹkan sì rẹ̀wẹ̀sì, iṣẹ́ wọn lọ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni mo wà ní iléeṣẹ́ kan. Gbogbo December là ń ṣe ìgbéléwọ̀n, gbogbo January ni inú ń bí ènìyàn. Kí là ń ṣe tí kò dáa?
*Òṣìṣẹ́ HR, Ìkẹjà*

Ìdáhùn: Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó àfiwé 607 jọ ní 1996 lórí sísọ fún òṣìṣẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Lápapọ̀, ó ń ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ, ṣe ni iṣẹ́ burú sí i lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí iṣẹ́ bọ́ sórí ènìyàn fúnra rẹ̀, ọkàn ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀, kò ní ráyè fún iṣẹ́ mọ́.

“O kì í fara balẹ̀” jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn. “Nínú ìnfóìsì 12 tó o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́ta kò ní nọ́ńbà àdéhùn. Jẹ́ ká wo ibi tó ti ń já” jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Èyí kò ṣeé dúró de December. Láàárín ọjọ́ méjì ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ fún mánéjà kọ̀ọ̀kan pé kó ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣù: ohun kan tó lọ dáadáa, ohun kan láti tún ṣe, àfojúsùn kan fún oṣù tó ń bọ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó àti ìgbéga lọ sí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ń dúró gbọ́ iye tí wọ́n máa fi kún owó rẹ̀ kò lè gbọ́ ohun mìíràn.

Ní ti àfojúsùn, iṣẹ́ Edwin Locke àti Gary Latham ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: èyí tó ṣe pàtó tó sì le díẹ̀ máa ń mú iṣẹ́ jáde ju “ṣe ipá rẹ” lọ. Àyàfi bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ tuntun tó sì díjú. Ìgbà yẹn, ohun tó yẹ kó kọ́ ni kó jẹ́ àfojúsùn rẹ̀, kó má jẹ́ iye tó máa pa wọlé.

Ẹ tún bi ara yín pé ìgbà wo ni ẹnì kan gbẹ̀yìn sọ ní ìpàdé yín pé “èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn.” Amy Edmondson wo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 51 ní iléeṣẹ́ kan ní 1999. Níbi tí ara ti tu ènìyàn láti sọ àṣìṣe rẹ̀ láìsí pé wọ́n dójú tì í, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ti ń dára.

Ìbéèrè: Ohun èlò ìkọ́lé ni mò ń tà, òṣìṣẹ́ mi jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní kí n wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ márùn-ún lórí ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà. Ṣé ó tó owó tí wọ́n pè é?
*Oníṣòwò, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Orílẹ̀-èdè wa níbí gan-an ni wọ́n ti dán èyí wò. Stephen Anderson àti David McKenzie pín iléeṣẹ́ kéékèèké 753 ní Nàìjíríà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n kọ́ àwọn kan ní kíláàsì, wọ́n fún àwọn kan ní agbaninímọ̀ràn, wọ́n sì ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti gba ẹni tó mọ ìṣirò owó tàbí ìpolówó, yálà kó wá jókòó sínú iléeṣẹ́ tàbí kó máa ṣe é láti ìta. Gbígba ẹni tó mọ̀ ọ́n borí kíláàsì. Ó sì ṣe dáadáa tó agbaninímọ̀ràn ní ìdajì owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá ẹni tó máa bá yín to ìwé owó lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ fi òṣìṣẹ́ yín kan tì í kó máa wò.

Bẹ́ ẹ bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, ITF (Industrial Training Fund), àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, náà ní ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ yín: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tẹ́ ẹ san lọ́dún. Ẹni tó bá dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é lè gbà tó ìdajì rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ń sanwó náà láì béèrè tiwọn padà rí.

Ẹ má retí kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan yí nǹkan padà o. Casey Ichniowski, Kathryn Shaw àti Giovanna Prennushi ṣèwádìí lórí ìlà ẹ̀rọ 36 tó ń ṣe irin ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1997. Àwọn tó so yíyan òṣìṣẹ́ dáadáa, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó ìwúrí àti iṣẹ́ àjọṣe pọ̀ ń pèsè ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìyàtọ̀ kankan. Bẹ́ ẹ bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní ìṣirò owó, tẹ́ ẹ sì ń fi kọ́kọ́rọ́ dúkìá pa mọ́ fún un, ibo ló ti máa lò ó?

Ìbéèrè: Mo ń darí àwọn mọ́kànlá tó ń dáhùn fóònù oníbàárà níbí. Mẹ́ta ti ní àwọn fẹ́ máa ṣiṣẹ́ nílé. Ọ̀gá mi ní wọn yóò máa sùn.
*Ọmọ Yorùbá ní Manchester*

Ìdáhùn: Nicholas Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lórí irú iṣẹ́ yín gan-an, ní Ctrip, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìn àjò ní Ṣáínà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ nílé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ju àwọn tó wà ní ọ́fíìsì lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nítorí pé ìsinmi àti àìsàn dín kù, wọ́n sì pẹ́ sí i lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò parí, bí ìdajì wọn ló fẹ́ padà sí ọ́fíìsì. Àdáwà ti sú wọn. Iléeṣẹ́ kan náà tún dán ọjọ́ méjì nílé wò lórí òṣìṣẹ́ 1,612, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2024: ìfiṣẹ́sílẹ̀ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, iṣẹ́ kò sì lọ sílẹ̀.

Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì fún oṣù mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye ìpè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń yanjú lọ́sẹ̀ mẹ́fà tó kọjá sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè ní ohun tẹ́ ẹ máa fi wé e. Kí gbogbo wọn sì jọ wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan náà, torí ẹni tó wá sí ọ́fíìsì láti wá dá jókòó kò rí ìdí tó fi wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù April 2024, òfin Britain gba òṣìṣẹ́ láàyè láti béèrè fún irú ètò yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Agbanisíṣẹ́ ní oṣù méjì láti fèsì, bó bá sì máa kọ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan wá lára àwọn ìdí tí òfin kọ sílẹ̀. “Wọn yóò máa sùn” kò sí lára wọn.